Fìlà Mẹ́ta, Orí Mẹ́rin

Tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní Abẹ́òkúta, òórùn òrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá ọkọ mi ní Ìtòkú. Ìyá a máa yọ́ òrí náà sínú àwo tánńganran kékeré kan, wọn a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù kó má baà dì, kò sì sẹ́ni tó máa jáde láàárọ̀ tí kò ní kọ́kọ́ dúró níbẹ̀ fi pa ètè àti gìgísẹ̀. Òórùn náà á wá dà pọ̀ mọ́ ti aró tó ti wọ ara ògiri ilé náà láti ayé ìyá tó bí Ìyá, nítorí aláàdìrẹ ni wọ́n láti ìrandíran. Mo ti kó kúrò níbẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ Èkó là ń gbé, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ òórùn òrí lára ẹnikẹ́ni, ọ̀sán Ọjọ́rú kan ló máa ń padà wá bá mi, ọ̀sán tí fìlà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà tí kò ní parí sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá ọkọ mi. Fìlà tí mò ń wí yìí, ọwọ́ kò lè mú un. Inú géèmù ló wà. Má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló máa ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ká tó fojú kàn án. Bí a bá yọ ọmọ kúrò, àwa mẹ́ta la kù nílé: èmi, Ìyá tó ń ta àdìrẹ lọ́jà, àti àbúrò ọkọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn wọn, tó wálé fún ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́. Òun ló ni kọ̀ǹpútà alágbèéká, òun ló sì kọ́ mi ní géèmù náà, ó ní ojú mi ti ń rẹ̀ jù fún ẹni tí kò ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ.

Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n fún wa nínú géèmù yẹn, wọn kò tóbi ju ẹ̀wà lọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ wọn ló já wọn jù sí ilẹ̀ kan tí kò sí ìlú nítòsí, àwa la sì máa sọ ohun tí kálukú máa ṣe kí wọ́n má baà kú: ẹni tó máa gbin ọkà, ẹni tó máa gé igi, ẹni tó máa dáná. Wọ́n ní ìwà tiwọn náà o. Bí inú bá bí wọn, wọ́n lè kọ iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹlòmíràn lè sá lọ gbé e láìjẹ́ pé a rán an. Gbogbo ìyẹn kò le, àfi ìgbà tí ìgbà òtútù dé. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́. Yìnyín á bo ilẹ̀ bí òwú, odò á dì, òtútù náà á sì máa jẹ èèyàn láti etí àti ìka ọwọ́ wọlé. Fìlà tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ló ń gbà wọ́n. Àbúrò ọkọ mi ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó wọ ẹ̀wù ńlá tí kò dé fìlà dà bí ẹni tó ti fèrèsé tó wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mo fẹ́ràn géèmù yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ á wà lẹ́nu ọmú, ọwọ́ mi kejì á wà lórí kọ̀ǹpútà, àti pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti bímọ, ẹnì kan ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ibi orúkọ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ìyàwó ilé, ìwọ náà mọ̀ bó ṣe rí: a kì í pe ẹni tí a bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mò ń pe àbúrò ọkọ mi yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fomi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí Ìyá ò bá sí nítòsí, èmi àti ẹ̀ á jọ máa pe ara wa ní "ìwọ". Nígbà tí géèmù ní ká kọ orúkọ àwọn èèyàn mẹ́rin náà, ó ní kí n kọ orúkọ ará ilé wa, kó lè dùn. Mo gbìyànjú láti tẹ orúkọ ọkọ mi gan-an, ìka mi kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀.

"Ìyàwó wa, géèmù ni o! Ta ló fẹ́ gbọ́?"

"Etí tèmi á gbọ́," ni mo ní.

Bí a ṣe kọ ọ́ nìyẹn bí a ṣe ń pè é nílé: Olówó-orí, ìyẹn ọkọ mi, Ìdílẹ̀kẹ̀, Ìyá, àti Ìyàwó, èmi nìyẹn. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún wọn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, àárín èmi àti Ìyá kò gún rárá. Fìlà gidi ló fà á, èyí tó nípọn tí Ìyá rà fún ọmọ mi, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. "Àwùjẹ̀ ẹ̀ ò tíì dì," ni wọ́n máa ń wí, "ibẹ̀ lọyẹ́ máa ń gbà wọlé." Òtítọ́ ni pé ọyẹ́ àárọ̀ ń gé èèyàn bí abẹ, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, oòrùn á le koko, ọmọ á máa làágùn lábẹ́ fìlà, orí rẹ̀ sì ti sú wínníwínní. Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì ṣí fìlà náà, ó wo orí ọmọ, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ kí orí yìí máa rí atẹ́gùn lọ́sàn-án." N kò sọ fún Ìyá. Ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ohun mìíràn tún wà tí mo lè sọ fún ẹ nítorí pé ìwọ náà ti jẹ́ ìyàwó rí: ó dùn mọ́ mi pé mo mọ nǹkan kan tí wọn kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti lọ sọ́jà, màá ṣí i. Bí mo bá gbọ́ sálúbàtà wọn, màá dé e padà. Títí di ọjọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n yà wálé láìròtẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ọmọ lórí lásán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí fìlà sì wà lọ́wọ́ mi bí ẹrù olè.

"Ọmọ tìẹ ni," ni Ìyá wí. Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà yẹn, wọ́n ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. Màá kúnlẹ̀, "Ẹ kú àárọ̀, mà," wọ́n á ní, "Káàárọ̀," ó tán. Wọn kò gbé ọmọ mọ́. Wọn kò fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ mi máa dé, mo sì mọ bí yóò ṣe rí: yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Ìyá yóò sọ pé kò sí nǹkan kan, "kò sí nǹkan kan" yẹn ni yóò sì jókòó sáàárín wa títí ọmọ fi máa dàgbà. Mo ti rí ilé tí irú rẹ̀ tú ká.

Ìgbà tí inú mi rí báyìí ni a rẹ́ irun àgùntàn inú géèmù, tí irun náà kò tó ju fìlà mẹ́ta lọ. Mo fún Olówó-orí, mo fún Ìdílẹ̀kẹ̀, mo fún Ìyàwó.

"Ìyá ńkọ́?" ni Ìdílẹ̀kẹ̀ bi mí.

"Ìyá ò kúkú ń jáde. Ìdí iná ni wọ́n máa ń wà."

Ó wò mí láti ẹ̀gbẹ́. "Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe torí fìlà ọmọ ṣá?"

"Orí ẹ ti yí," ni mo ní, mo sì rẹ́rìn-ín. Èsì tí mo fún un mọ́gbọ́n dání. Àwọn tó ń jáde ni òtútù ń pa, Ìyá kì í sì í jáde. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: bí mo ṣe ń pín in, ó dùn mọ́ mi nínú, díẹ̀ báyìí, pé ẹnì kan wà tí mo lè fò.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ọ̀hún, Ìyá tètè ti ọjà dé, wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé lọ ṣe àlùwàlá ìrun Alásárì. Ọmọ ti sùn. Iná ti lọ láti àárọ̀, bátìrì kọ̀ǹpútà sì ti ń pupa. Ó yẹ kí n ti pa á, ṣùgbọ́n igi ìdáná ti tán nínú géèmù, mo sì ti rán Ìyàwó lọ sínú igbó lọ gé díẹ̀ wá. Ìkookò kan jáde sí i. Kí n tó mọ ohun tí màá tẹ̀, ó ti bù ú jẹ lẹ́sẹ̀, ó ti sá lọ, Ìyàwó ti nà gbalaja sínú yìnyín, ìjì sì ti bẹ̀rẹ̀. Olówó-orí wà ní òdìkejì odò, kò lè tètè dé. Ìdílẹ̀kẹ̀ inú géèmù ń ṣàìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Yéè! Ìyàwó ti ṣubú!" Ìdílẹ̀kẹ̀ gan-an ló fò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ìyàwó ti ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá inú géèmù gbé ìkòkò sílẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n bọ́ sínú ìjì. N kò rán wọn. Kò sí nǹkan kan lórí wọn.

"Ìyá, ẹ padà!" Èmi náà ti ń pariwo, mo ti gbàgbé pé ohùn wa ń jáde síta. "Ìyá, ẹ máa kú o! Òtútù máa pa yín!"

Mo gbọ́ tí búútà ike já bọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ sálúbàtà, eré ni. Aṣọ ẹnu ọ̀nà fò sókè, Ìyá gan-an ló dúró síbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìró mú, omi ń kán lọ́wọ́ wọn àti lójú wọn. Orí wọn wà lásán. Láti ọdún méjì tí mo ti wọlé wọn, n kò rí orí Ìyá lásán rí. Irun wọn kúrú, ó funfun, ó sì ti fọ́n láàárín méjì débi pé awọ orí hàn. Atẹ́gùn ọyẹ́ tẹ̀lé wọn wọlé.

"Ìyàwó dà? Níbo lo ti ṣubú? Ibo lẹ̀jẹ̀ wà?"

Wọn kò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n fi ọwọ́ tútù méjèèjì gbá mi lójú mú, wọ́n tẹ ọrùn mi wò, wọ́n tẹ ikùn mi wò, wọ́n yí mi síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń yẹ ọmọdé tó já láti orí igi wò. Láti ọjọ́ Sọ́ńdè, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fara kàn mí nìyẹn. Mo na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, mo tẹ ibi tó ń dá géèmù dúró. Ìyá kékeré inú rẹ̀ dúró gbagidi nínú yìnyín, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè.

"Ara mi yá, mà," ni mo ní. "Géèmù ni."

Wọ́n jù mí sílẹ̀. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n tún wò mí. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Mo gbọ́ tó o ní Ìyá máa kú. Ìyá wo?"

Irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ti ẹnu ìyàwó jáde nílé tí ìyá ọkọ wà láàyè, ká má tilẹ̀ wá sọ ilé tí wọ́n ti ń fi ìdákẹ́jẹ́ bá ara wọn jà. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde nínú yàrá, kò sí bí ọkọ mi ṣe máa bẹ̀bẹ̀ tó lọ́jọ́ Jímọ̀ tó máa kúrò lọ́kàn wọn. Mo lè purọ́. Irọ́ fìlà ti sú mi.

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Áúsúbílà."

"Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" Ìdílẹ̀kẹ̀ kó ọ̀rọ̀ pọ̀. "Orúkọ la fún wọn! Ìyàwó wa ò lè pè yín lórúkọ, ló fi kọ Ìyá. Ìyàwó tó ṣubú, òun kọ́, òun ni ṣùgbọ́n òun kọ́!"

Ìyá fi etí ìró nu ojú, wọ́n wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Èwo ni mí níbẹ̀?"

Mo nàka sí i.

"Kí ni mò ń wá níta?"

"Ẹ fẹ́ wá gbé mi ni, mà. Èmi ni mo ṣubú sọ́hùn-ún yẹn."

"Ta ló rán mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán yín. Ẹ fúnra yín lẹ jáde."

"Hùn-ún." Wọ́n mi orí. "Ìyẹn jọ mí." Wọ́n tún tẹ̀ síwájú, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà. "Gbogbo ẹ̀yin yòókù lẹ dé nǹkan sórí. Tèmi dà?"

"Irun àgùntàn ló tán, Màámi," ni Ìdílẹ̀kẹ̀ wí.

"Ìwọ kọ́ ni mo bi."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Mo rò pé ẹ ò nílò ẹ̀ ni, mà. Ìdí iná lẹ máa ń wà."

"O bi mí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé torí fìlà ọmọ ni?"

Mo ní, "Kì í ṣe òun nìkan, mà. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀."

Ojú wọn kò yí padà. Omi kan ń ṣàn bọ̀ láti orí wọn, ó gba ẹ̀yìn etí, wọn kò nù ún. Kọ̀ǹpútà dún pì.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì ti fẹ́ kú!"

"Kí ló tún fẹ́ kú? Gbogbo nǹkan ilé yìí ló fẹ́ kú lónìí." Wọ́n fà mí lápá dìde. "Ṣe nǹkan tó ò ń ṣe. Jẹ́ kí n gbé e délé."

Ìdílẹ̀kẹ̀ ní ọgbọ́n kan wà. Ní kété tí Ìyá bá ti dé ọ̀dọ̀ Ìyàwó, ká bọ́ fìlà orí Ìyàwó, ká fi dé Ìyá, nítorí òun ló máa ru ẹrù padà nínú ìjì. Ọgbọ́n náà dára. Mo ti na ìka sí i tí Ìyá fi gbá mi lọ́wọ́.

"A kì í ṣí ẹni tó dákú lórí. Fi sílẹ̀ fún un."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Mo ní kó o fi sílẹ̀."

Mo jẹ́ kí géèmù máa lọ. Ìyá kékeré dé ọ̀dọ̀ Ìyàwó, wọ́n gbé e kọ́ apá, wọ́n yí padà. Ẹsẹ̀ wọn ń fà nínú yìnyín. Lẹ́tà pupa kan yọ lókè: òtútù ti mú ìka ọwọ́ wọn. Òmíràn yọ: ó ti mú etí. Ìyá gan-an ti di apá mi mú, ìka wọn wọ̀ mí lẹ́ran, wọ́n ń sọ ọ́ ní jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣe tẹ̀síbáà, "Máa lọ, máa lọ, má dúró, má wẹ̀yìn." Ilẹ̀kùn ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ó ku márùn-ún. Wọ́n dúró díẹ̀, mo pariwo. Wọ́n tún gbéra. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n wọlé, wọ́n tẹ́ Ìyàwó sórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́tà kan ṣoṣo sì tún yọ kí ojú kọ̀ǹpútà tó ṣókùnkùn.

"Ṣé a wọlé?" ni Ìyá béèrè.

"A wọlé, mà."

"Àwa méjèèjì?"

"Àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n òtútù ti gé yín létí kan."

Wọ́n fọwọ́ kan etí ara wọn. "Èwo?"

"Tòsì, mà."

"Ìyẹn náà ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ fi gbọ́ràn tẹ́lẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n padà lọ mú búútà wọn nílẹ̀. Ìdílẹ̀kẹ̀ fi pílò bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún, n kò sì lè sọ fún ẹ bóyá ẹkún ìdùnnú ni tàbí ti ìtìjú.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọn kò ká ẹní. Wọ́n jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn wọn, wọ́n ní kí n gbé ọmọ wá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Kí ló dé tó o fi máa ń ṣí i lórí?" Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún wọn. Wọ́n bọ́ fìlà náà, wọ́n fi ìka la irun ọmọ, wọ́n rí bí orí rẹ̀ ṣe sú. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èmi náà ò sì bi ẹ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọkọ mi wọlé, kò tíì bọ́ bàtà tí Ìyá fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Káàbọ̀, olórí ire. Ìwọ dé fìlà, ìyá ẹ ò dé." Ó fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, kò sí fìlà níbẹ̀. Ó wò mí, mo wo òkè àjà. Títí di òní kò yé e dáadáa.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Mo ti rò ó sókè, mo ti rò ó sílẹ̀. Kì í ṣe fífò tí mo fo Ìyá ló máa ń dùn mí jù. Bí ìdí tí mo fi fò wọ́n ṣe mọ́gbọ́n dání tó ni. Bí mo bá kórìíra wọn ni, ǹ bá ti rí i lójú ara mi, ǹ bá sì ti tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ìṣirò tó péye ni mo ṣe: ẹni tó wà nídìí iná, ara rẹ̀ á móoru. N kò rántí pé òun ló ń dá iná náà, pé bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ṣubú níta, òun ló máa kọ́kọ́ jáde, bó bá ṣe wà ni yóò sì ṣe jáde. Mo wá rí i pé gbogbo ilé ló ń ṣírò fún ẹni bẹ́ẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń bi í. Èmi náà ti ń di ẹni bẹ́ẹ̀ nílé tèmi, mo sì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi: ẹ jẹun, èmi ò fẹ́.

Oṣù tó kọjá, mò ń múra láti lọ kí wọn, mo pè wọ́n lórí fóònù. Bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí n ra ohun tí mo bá rò pé ó dára fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́?" Wọ́n ní kí n máa gbé ọmọ bọ̀, ó ti tó. Mo ní, "Rárá, mà, ẹ̀yin fúnra yín. Kí lẹ fẹ́?"

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n rò ó ná."

Mo gbé fóònù mọ́ etí, mo sì dúró.